Ojú Ń Fọ́ Nítòsí Ilé Ìwòsàn

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti oṣù tí a rí tàbí tí a kò rí, kì í sì í ṣe ti ẹni tí yóò jẹ ìmáàmù. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n wa láàárín ọdún. Ọ̀rọ̀ ojú ni. Ojú tí àwa alùfáà fi ń ka Àlùkùránì náà ni ẹ̀yin oníṣòwò fi ń ka owó, bí ó bá sì fọ́, àtàwa àtẹ̀yin, iṣẹ́ bùṣe.

Ẹni tí ń gbé ní Ìlúpéjú kò lè sọ pé inú igbó ni òun wà. Bí a bá gba ọ̀nà Mushin, a ó kan LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìtọ́jú ojú tí wọ́n fi orúkọ Guinness pè wà. Bí a bá doríkọ Ìkẹjà, LASUTH ń bẹ níbẹ̀, èyí tí ìjọba Èkó sọ di ilé ìwòsàn Yunifásítì ní ọdún 2001, àwọn dókítà ojú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ilé ìwòsàn ojú aládàáni náà kò jìnnà sí wa. Síbẹ̀, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí yín ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ ka iye àwọn àgbà tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà wọlé. Kì í ṣe àwọn tí ń ṣagbe ni mo ń wí o. Bàbá tó ń rán aṣọ tẹ́lẹ̀ ni, ìyá tó ń ta èlùbọ́ tẹ́lẹ̀ ni, ẹni tó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Etí odò ni wọ́n wà tí òùngbẹ fi ń gbẹ wọ́n.

Ìwádìí ńlá kan wà tí àwọn onímọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007. Wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé ọmọ ogójì ọdún sókè wò. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní mẹ́rin tí a lè pè ní afọ́jú, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ wa nígbà náà lé ní mílíọ̀nù kan. Àrùn tó fọ́ ojú àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kátáráàtì. Òun nìkan gba 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti dùn mí jù lọ ni pé, nínú gbogbo ìfọ́jú tí wọ́n kà yìí, 84 nínú ọgọ́rùn-ún ni a ì bá ti dènà tàbí tí a lè wò sàn. Kì í ṣe àyànmọ́ tí kò gbóògùn.

Kí ni kátáráàtì yìí? Awò kan wà nínú ojú tí Ọlọ́run dá síbẹ̀, ó mọ́ gaara bí omi inú àmù. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, awò yìí lè máa ṣú díẹ̀díẹ̀ bí gíláàsì àtùpà tí èéfín bò, títí ẹyinjú yóò fi funfun, tí ẹni náà kò ní mọ ọmọ rẹ̀ àfi nípa ohùn. Kò sí òògùn ìkán kan tó lè fọ̀ ọ́ mọ́, kò sì sí àgbo tó lè ṣe é. Iṣẹ́ abẹ ni. Dókítà yóò pa ojú náà kú kí ó má baà dunni, yóò yọ awò tó ti ṣú, yóò sì fi awò mìíràn tí a fi ọwọ́ ṣe rọ́pò rẹ̀. Kì í sábà tó wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sun ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ láàárín ọjà yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n ní wọ́n máa ń yọ ẹyinjú síta, wọn a fọ̀ ọ́ nínú àwo, wọn a sì tún dá a padà, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ dókítà, ó parí. Irọ́ ni. Ẹyinjú kì í kúrò níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ògbẹ́ni Harold Ridley, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó kọ́kọ́ fi irú awò àtọwọ́dá yìí sí ojú ènìyàn, ní London, ní oṣù kọkànlá ọdún 1949. Ó ti tọ́jú àwọn awakọ̀ òfuurufú tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler, ó sì ṣàkíyèsí pé ègé fèrèsé ọkọ̀ wọn tó wọ ojú wọn wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, kò dá ìjà sílẹ̀ nínú ojú. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a jà nítorí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n lónìí kò sí ibi tí wọn kò ti ń ṣe é ní ayé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni, kò kan Mùsùlùmí. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ammar ọmọ Ali, ará Mosul, ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú ní ilẹ̀ Íjíbítì. Abẹ́rẹ́ oníhò ni ó fi ń fa àrùn kan náà yìí jáde, ó sì kọ ìwé lé e lórí. Ní Bàgídáàdì, Ali ọmọ Isa kọ ìwé tí àwọn oníṣègùn ojú fi kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Kahhal ni wọ́n ń pe oníṣègùn ojú ní èdè Lárúbáwá, ara ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe tìróò ni orúkọ náà sì ti wá. Ẹni tó bá ń sá fún dókítà ojú nítorí ẹ̀sìn, iṣẹ́ àwọn baba rẹ̀ nínú ẹ̀sìn ni ó ń sá fún.

Níbí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí mo ti rí i pé owó nìkan kọ́ ni ó ń dá àwọn ènìyàn wa dúró. Wáàsí náà ń dá wọn dúró. Àwọn kan nínú àwa alùfáà, bí wọ́n bá bá ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú pàdé, hádíìsì tó sọ nípa èrè ẹni tó pàdánù ojú rẹ̀ méjèèjì tó sì ṣe sùúrù ni wọ́n máa ń kà fún un, wọn a ní àlùjánnà ni èrè rẹ̀. Hádíìsì náà dájú, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n sùúrù ẹni tí kò rí ìwòsàn ni. Kì í ṣe ti ẹni tí ìwòsàn wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tí ó ní òun kò lọ. Ṣebí Ànábì wa kan náà, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ni ó pàṣẹ pé kí á wá ìwòsàn, tó sì sọ pé kò sí àrùn tí Ọlọ́run sọ̀kalẹ̀ tí kò ní òògùn, àfi ogbó nìkan. Àwọn kan yóò tún di ogbó yẹn mú: wọn a ní ojú bàbá kò ríran mọ́ nítorí pé bàbá ti dàgbà. Ẹ gbọ́ mi. Kátáráàtì a máa bá ogbó rìn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ogbó. Ẹni ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yóò ṣì jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n yóò rí ọ̀nà balùwẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ànábì Yàkúbù sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun. Ó wà nínú Súrà Yúsúfù. Ta ni ó tún ní sùúrù tó o? Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀wù Yúsúfù dé tí a sì fi lé e lójú, kò sọ pé ẹ gbé e kúrò, sùúrù ni mò ń ṣe. Ó gba ìríran rẹ̀ padà, ó sì dúpẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà máa ń bi mí, ìbéèrè gidi sì ni. Wọn a ní: “Ààfáà, dókítà ní n kò gbọdọ̀ tẹ orí ba fún ìwọ̀n ọjọ́ kan, n kò sì gbọdọ̀ bomi sójú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kírun?” Mo mọ bàbá kan tó jẹ́ pé nítorí ìbéèrè yìí nìkan ni ó fi fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bi léèrè kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un. Ìtàn Ibn Abbas ni ó sọ fún un, pé nígbà tí ojú Ibn Abbas fọ́ lọ́jọ́ ogbó, tí oníṣègùn ní òun yóò wò ó bí ó bá lè fi ìforíkanlẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kò gbà. Ó sọ ọ́ dé ibẹ̀, ó ká ìwé rẹ̀.

Bí ó bá ti ṣí ìwé tó tẹ̀ lé e ni, ì bá rí ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sídìí Muktásárì Khalil mọ ohun tí mo ń sọ. Khalil ará Íjíbítì yìí, ní ọ̀rúndún kẹrìnlá ti àwọn Kirisẹ́ẹ̀nì, ni ó kó òfin ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì jọ nínú ìwé kékeré tí àwọn ilé kéwú ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń kà títí di òní. Nínú ọ̀rọ̀ ìrun aláìsàn, ó dárúkọ iṣẹ́ abẹ ojú yìí gan-an. Ohun tó sọ ni pé ó tọ́ kí ènìyàn ṣe é bí ó bá jẹ́ pé ìjókòó kírun ni yóò mú wá. Bí ó bá jẹ́ fífẹ̀yìnlélẹ̀ kírun ni, ọ̀rọ̀ kan ní kí ó tún ìrun náà kí. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ síbẹ̀, ó fi kún un pé àwọn onímọ̀ tún fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì múlẹ̀, pé àwíjàre rẹ̀ dára.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá ṣe ojú rẹ̀ níláti fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ. Ohun tí àwọn baba wa ń bẹ̀rù nìyẹn. Lónìí, ẹni tí wọ́n ṣe é fún ní àárọ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní ọ̀sán. Ó lè jókòó, ó lè dúró. Nítorí náà, kódà ẹnu ọ̀nà tó há jù nínú ìwé Khalil gbà á wọlé. Kí ó jókòó sórí àga, kí ó fi orí tọ́ka díẹ̀ fún rúkúù, kí ó sì fi tọ́ka díẹ̀ sí i fún ìforíkanlẹ̀, ní ìwọ̀n tí dókítà gbà fún un. Ní ti àlùwàlá, kí ó fọ ibi tí omi kò lè pa lára, kí ó sì fi ọwọ́ tútù pa orí ohun tí wọ́n fi bo ojú náà. Bí omi kò bá yẹ rárá, tàyámọ́mù ń bẹ. Ọjọ́ tí dókítà bá ní ó tó, kí ó padà sí ìforíkanlẹ̀ rẹ̀. Ìrun ọjọ́ díẹ̀ lórí àga, lẹ́yìn náà ni yóò tún máa fi ojú ara rẹ̀ ka Àlùkùránì. Èmi kò mọ ohun tó le nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kejì a máa dé ní oṣù Ramadan. Àrùn ojú mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní gilọ́kómà, òun ló tẹ̀ lé kátáráàtì nínú àwọn tó ń fọ́ àgbà lójú ní Nàìjíríà. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí olè òru ni. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in, ipá omi inú ojú ni ó ń ga, tí ó ń pa iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Kì í sábà dunni, kì í yúnni, ojú kì í pọ́n. Láti ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń jẹ wọlé. Ẹni náà yóò ṣì máa ka nọ́ńbà ara owó, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ yóò máa kọ ẹnu ọ̀nà, yóò sì máa bá ènìyàn jà pé kí ló dé tí wọ́n ń yọ sí òun lójijì. Èyí tó bá ti jẹ, kò sí ẹni tí yóò dá a padà. Òògùn ìkán ojoojúmọ́ tàbí iṣẹ́ abẹ ni a fi ń dá ìyókù sí. Ó sì ń bá ìdílé rìn: bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní in, ẹ má dúró kí ojú ṣú, ẹ lọ yẹ ara yín wò.

Àwọn tó ní gilọ́kómà nínú ìjọ wa, bí ààwẹ̀ bá dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn a gbé òògùn sórí pẹpẹ fún oṣù kan gbáko. Wọ́n ní ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Jeddah ní ọdún 1997, wọ́n sì fẹnu kò pé òògùn ìkán sójú kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, bí ènìyàn kò bá ti gbé èyí tó bá dé ọ̀fun mì. Mo mọ̀ pé àwa ará ọ̀nà Málíkì a máa ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí ìkorò rẹ̀ bá dé ọ̀fun, a kà á sí ohun tó wọlé. Ó dára, kí a ṣọ́ra, ṣùgbọ́n kí a má fọ́jú. Ẹni tí òògùn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ó bi dókítà bóyá ó lè kán an ní àkókò sààrì àti lẹ́yìn ìṣínu. Ẹni tí ó bá di dandan kí ó kán an lọ́sàn-án, kí ó di ojú lẹ́yìn tó bá kán an tán, kí ó sì fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú níbi tó ti bá imú pàdé fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí omi ojú ń gbà lọ sí ọ̀fun. Bí a bá dí i, òògùn yóò dúró sínú ojú tí a fẹ́ kí ó wà. Àwọn dókítà fúnra wọn ni wọ́n ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nítorí ààwẹ̀, bí kò ṣe kí òògùn lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì balẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, aláìsàn ni, Ọlọ́run ti yọ̀ǹda kí aláìsàn ṣínu kí ó sì san án padà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn dá òògùn náà dúró láti lọ pàdé ìfọ́jú, èmi kò rí i kà nínú ìwé kankan.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Nínú ìwádìí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, owó ni ohun tí àwọn tí kò tíì ṣiṣẹ́ abẹ kátáráàtì dárúkọ jù lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé owó ọjà kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nìkan. Owó káàdì wà, owó àyẹ̀wò wà, owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀ wà, owó ọmọ tó fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti fà yín lọ́wọ́ wà, ìsọ̀ tí ẹ tì wà. Ìyá kan nínú ìjọ wa tí ń ta ata lọ sí ilé ìwòsàn kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, káàdì ti tán kó tó débẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó rí dókítà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n kọ ìwé àyẹ̀wò fún un, wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta; gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ. Ní ọjọ́ tó yẹ kí ó padà, ọmọ rẹ̀ kò ráàyè. Kò lọ mọ́. N kò dá àwọn dókítà lẹ́bi jù, nítorí wọn kò pọ̀, àwọn tó wà sì ń lọ sí òkè òkun lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti bá ọ̀nà mìíràn lọ: òògùn ìkán tí wọ́n ń polówó nínú dáńfó ni ó ń kán sójú báyìí.

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará. Nínú àwọn òògùn ìkán tí ẹ ń rà láìsí ìwé dókítà yìí, irú kan wà tí ó máa ń tu ojú lára lọ́jọ́ díẹ̀, tó sì jẹ́ pé bí ẹ bá lò ó pẹ́, òun gan-an ni yóò fa gilọ́kómà àti kátáráàtì. Omi ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà àti oje ewé náà, ojú kì í ṣe ibi tí a ń dà wọ́n sí. Ní ti àwọn tó ń rìn káàkiri tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti awò ojú tó ṣú sẹ́yìn, iṣẹ́ wọn kò tíì parí nílẹ̀ yìí. Ìwádìí ọdún 2005 sí 2007 yẹn rí i pé nínú àwọn ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nítorí kátáráàtì, ó ju mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹni náà a ríran fún ìgbà díẹ̀, a sanwó, a dúpẹ́, oníṣẹ́ a sì ti kúrò ní ìlú kí ojú tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí yóò bí àwọn kan nínú. Bí ìyá aláta yìí bá kú lónìí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, a ó dá aṣọ ẹbí. A ó ya ilé ayẹyẹ, a ó pa màlúù fún fídáù ọjọ́ kẹjọ, owó náà kò sì ní ṣàìrí. Bí kò bá sí, a ó yá a lọ́wọ́ alájọ. Àwọn ọmọ kan náà tí kò rówó ọkọ̀ láti mú un lọ sí ilé ìwòsàn ni yóò jókòó ní ìsàlẹ̀ àga ọlọ́lá lọ́jọ́ náà. N kò ní kí ẹ má ṣe fídáù, èmi náà a máa jẹ nínú ẹran rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà ì bá fẹ́ láti rí aṣọ ẹbí náà kí ó tó kú.

Sàká ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ sàká nínú ọjà yín lọ́dọọdún, ìrẹsì àti ọṣẹ ni ẹ sábà máa ń pín. Aláìní àti tálákà ni Súrà Tauba kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn mẹ́jọ tó tọ́ sí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣú nítorí pé kò ní owó iṣẹ́ abẹ, bí kì í bá ṣe aláìní, kí ni í jẹ́? Ẹ ṣe ojú ẹni kan lọ́dún kan, ẹni náà yóò padà sí ìsọ̀ rẹ̀, lọ́dún kejì òun náà lè di ẹni tí ń yọ sàká. Èyí jẹ́ ìṣòwò tó dára ju ìrẹsì tí yóò tán lọ́jọ́ kẹta lọ.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ti wà láyé. Ní ìlú Madurai ní ilẹ̀ Íńdíà, dókítà kan tí ń jẹ́ Venkataswamy, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba, dá ilé ìwòsàn ojú tí wọ́n ń pè ní Aravind sílẹ̀ ní ọdún 1976, ibùsùn 11 péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àrùn oríkèé ti lọ́ ọ ní ìka láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́, ọwọ́ lílọ́ náà ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ọgbọ́n tó dá, oníṣòwò nìkan ló lè tètè yé: ẹni tó lówó san, owó rẹ̀ gbé ẹni tí kò ní, wọ́n sì ń ṣe púpọ̀ lójúmọ́, tí èrè kékeré lórí ọjà púpọ̀ fi ń tó wọn ná. Láti ọdún 1992, wọ́n ń ṣe awò inú ojú fúnra wọn, iye rẹ̀ sì wálẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù nínú ìtàn wọn ni pé wọ́n rí i pé kí iṣẹ́ abẹ jẹ́ ọ̀fẹ́ nìkan kò tó láti mú tálákà wá. Wọ́n ń fi ọkọ̀ lọ gbé wọn ní abúlé, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n sì ń dá wọn padà sílé.

Ìjọba wa náà gbìyànjú. Jígí Bọ́lá, tí Bọ́lá Tinúbú dá sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ Gómìnà Èkó, fún ọ̀pọ̀ àgbà ní jígí lọ́fẹ̀ẹ́, ìjọba àpapọ̀ sì tún gbé irú rẹ̀ dìde ní ọdún 2024. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ó yé wa pé jígí kò wo kátáráàtì, kò sì wo gilọ́kómà. Ẹni tí wọ́n fún ní jígí tí kò sì ríran síbẹ̀, kí ó má ṣe fi jígí sápò kí ó ní òun ti gba ìtọ́jú. Ètò ìlera Ìlera Èkó náà wà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti sọ ọ́ di dandan ní ọdún 2024 pé kí olúkúlùkù ní ètò ìlera. Kí ẹgbẹ́ ọjà tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n bèèrè dáadáa ohun tí ó bò nípa ojú àti èyí tí kò bò.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Nínú ìwádìí yẹn kan náà, àwọn obìnrin tó rí iṣẹ́ abẹ ojú ṣe kò tó àwọn ọkùnrin. Ojú baálé bá ṣú díẹ̀, gbogbo ilé a gbọ́; ti ìyàwó a di ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò lẹ́yìn Iléyá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kan ojú ìyàwó yín, àwọn dókítà ojú lóbìnrin wà ní Èkó yìí, bí kò bá sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìwòsàn jẹ́ ọ̀ràn ìnira tí ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jó irin tí ẹ sì ń lọ irin ní àgbègbè iṣẹ́ ẹ̀rọ wa, ẹ ra jígí ìbòjú, ẹ sì lò ó. Bí irin bá ta sójú, kí ọ̀rẹ́ yín má fi ìgbálẹ̀ yọ ọ́. Ọjọ́ náà ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn.

Ní àsàlátù wa ní Ìlúpéjú, a ti gbé àpótí kan kalẹ̀ tí a kọ “Ojú” sí lára, ọ̀tọ̀ sí ti mọ́sálásí. Ìyá Àdínì ló ń di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, nítorí èmi kì í fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ owó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó fún àyẹ̀wò ìyá aláta yìí, a sì ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ ọ́, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, yóò bá a lọ, yóò jókòó tì í títí dókítà yóò fi dáhùn gbogbo ìbéèrè, yóò sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Orúkọ ènìyàn mẹ́rin mìíràn wà nílẹ̀. Ohun tí a kò ní ni ọkọ̀. Ẹni tó bá ní ọkọ̀, tó sì lè yọ̀ǹda àárọ̀ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó wá rí mi lẹ́yìn ìrun Àsùbá. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni kí ọkọ̀ ti gbéra, kí káàdì má tún tán mọ́ wọn lójú.